Ta ló ní bátìrì sódíọ̀mù ò lè gbé nǹkan torí pé sódíọ̀mù wúwo?

Ẹ̀gbọ́n kan tún gbé e wá sórí gúrúùpù WhatsApp wa lánàá o. Wọ́n ní ká má wulẹ̀ dúró de bátìrì sódíọ̀mù, pé sódíọ̀mù fi ìlọ́po mẹ́ta wúwo ju lítíọ̀mù lọ, torí náà kò lè gba iná tó pọ̀ láéláé, kò sì lè pẹ́. Ni gbogbo èèyàn bá ń ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Lóòótọ́, átọ́ọ̀mù lítíọ̀mù wọn 7, ti sódíọ̀mù wọn 23. Ṣé lítíọ̀mù nìkan ló wá wà nínú bátìrì ni? Ẹ wo LFP, bátìrì lítíọ̀mù tí gbogbo wa ń rà sí ínfátà, irin wà nínú lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù ẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọ́síjìn wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ 158 ni, lítíọ̀mù ò sì ju 7 lọ nínú ẹ̀. Ẹ yọ 7 yẹn, kẹ́ ẹ fi 23 ti sódíọ̀mù síbẹ̀, ó di 174. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló fi lé! Ìlọ́po mẹ́ta dà? Àti pé lítíọ̀mù máa ń ba alumíníọ̀mù jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíìfù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo kọ́pà níbẹ̀, sódíọ̀mù ò ní wàhálà yẹn, alumíníọ̀mù ni wọ́n ń lò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fúyẹ́, ó sì dínwó.

Ohun tó ń fa sódíọ̀mù sẹ́yìn gan-an ni pé fólítì ẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, ara ẹ̀ tóbi, kì í sì í wọ gíráfáìtì, ìyẹn kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lò ní ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíìfù bátìrì lítíọ̀mù, dáadáa. Kábọ́ọ̀nù líle ni wọ́n ń lò dípò, nígbà tẹ́ ẹ bá sì kọ́kọ́ cháàjì ẹ̀, lára sódíọ̀mù yẹn á há síbẹ̀, kò ní padà mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́: wọ́n ń fi sódíọ̀mù kún un ṣáájú, wọ́n sì ń lo lẹ́búlẹ́bú onífọ́síféètì tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wú tàbí sún kì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kó pẹ́. Ní 2021, CATL, iléeṣẹ́ bátìrì ní Ṣáínà, gbé èyí tó ń gba 160 Wh (wáàtì-wákàtí, ìwọ̀n iná tí bátìrì ń gbà) fún kílò kan jáde, ní 2025 wọ́n gbé Naxtra jáde, 175 ni, wọ́n ní ẹ lè cháàjì ẹ̀ ju ìgbà 10,000 lọ. Ó dáa, àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́. Àmọ́ ní 2024, àwọn míì ti so bátìrì sódíọ̀mù 100 MWh (mílíọ̀nù 100 Wh) mọ́ iná ìjọba ní Hubei, ní Ṣáínà, ta ló ń fi ìyẹn ṣeré?

Ẹ ní Natron, iléeṣẹ́ tó ń ṣe bátìrì sódíọ̀mù, kógbá wọlé ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ owó nìyẹn.

Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe, mo ti gbé bátìrì túbúlà gun àtẹ̀gùn títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Òjé ni wọ́n fi ṣe túbúlà, átọ́ọ̀mù òjé wọn 207, iná tí kílò kan ẹ̀ ń gbà ò ju 30 sí 50 Wh lọ, kọ́sítọ́mà kankan ò sì bi mí rí pé báwo ni átọ́ọ̀mù ẹ̀ ṣe wúwo tó. Ilẹ̀ ló máa jókòó sí!

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra sódíọ̀mù, ohun tẹ́ ẹ máa bi ẹni tó ń tà á ni pé ṣé ínfátà yín lè gba fólítì ẹ̀, torí ó máa ń lọ sókè sódò gan-an, sẹ́ẹ̀lì kan lè bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 4 kó sì já sí 1.5, ínfátà tí wọ́n ṣètò fún LFP á ti kú kí iná inú ẹ̀ tó tán.