Àwọ̀ Gílóòbù Kọ́ Ló Ń Sọ Bó Ṣe Mọ́lẹ̀ Tó

Bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò iná mànàmáná ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, tó sì bèèrè gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ti àtùpà, kì í pẹ́ tí ẹni tó ń tajà yóò fi gbà á nímọ̀ràn pé kó kúkú mú funfun. Àlàyé tí yóò ṣe kì í sábà ju méjì lọ: funfun ló mọ́lẹ̀ jù, yẹ́lò sì ń fa iná. Ọ̀rọ̀ yìí ti ràn débi pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, iná funfun báláú kan náà ló wà ní pálọ̀, nínú yàrá, ní kíṣíìnì àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó bèèrè ìdí rẹ̀. Èkejì nínú àlàyé méjèèjì, irọ́ gbáà ni. Èkíní ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti ṣẹ̀ wá, nítorí pé kì í ṣe òmùgọ̀ ló dá a sílẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ ní wáyà tínrín kan nínú, wáyà yìí ló máa ń gbóná títí tí yóò fi tan ìmọ́lẹ̀ yẹ́lò, èyí tó sì ju ìdá 90 nínú 100 lọ nínú iná tó bá fà ló ń di ooru. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti tú ọ̀kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò nílò ẹ̀rí mìíràn. Nígbà tó yá, gílóòbù tí à ń pè ní énájì wọ ọjà. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ tó tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n iná tó ń fà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, funfun sì ni púpọ̀ nínú èyí tí àwọn ènìyàn rà. Owó iná tó dín kù àti ìmọ́lẹ̀ funfun jọ wọlé lọ́wọ́ kan náà, a sì gbé ìyìn fún àwọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó wà nínú gílóòbù ló yí padà.

Lónìí, LED, irú gílóòbù tuntun tí kò ní wáyà gbígbóná nínú, ni èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ, ti funfun àti ti yẹ́lò. Wáàtì ló ń sọ bí iná tí gílóòbù ń fà ṣe pọ̀ tó. Bí wọ́n bá kọ wáàtì 9 sára méjèèjì, tí wọ́n sì tan ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wákàtí márùn-ún, wáàtì-wákàtí 45 ni mítà yóò kà fún yẹ́lò, 45 náà ni yóò kà fún funfun. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 ni yóò jẹ 300 láàárín àkókò yẹn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ooru rí, torí pé LED yẹ́lò kò lè mú yàrá gbóná ju LED funfun tí wáàtì wọn dọ́gba lọ.

Kí wá ni nọ́ńbà tó wà lára páálí, bíi 2700K, 4000K tàbí 6500K? Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń sọ. Lẹ́tà K náà dúró fún Kelvin, oyè William Thomson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n bí ní Belfast ní ọdún 1824, ẹni tó gbé òṣùwọ̀n ooru kan kalẹ̀. Alágbẹ̀dẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí láìka ìwé: bí ó bá ti ń fẹ́ ẹwìrì sí irin, pupa ni irin yóò kọ́kọ́ yọ, yóò di yẹ́lò bí ooru ti ń pọ̀ sí i, bó bá sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, a máa sún mọ́ funfun. Nọ́ńbà ara páálí ń sọ bí nǹkan tí à ń dáná sí yóò ti gbóná tó kó tó yọ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là wà ní nǹkan bí 1900K, gílóòbù àtijọ́ ní 2700K, oòrùn ọ̀sán gangan ní nǹkan bí 5500K, ojú ọ̀run tó ṣú sì wà ní nǹkan bí 6500K. Ohun tó ṣeni ní kàyéfì níbẹ̀ ni pé funfun tí à ń pè ní tútù ni nọ́ńbà ooru rẹ̀ ga jù.

Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní lúmẹ̀nì, tí wọ́n sì ń gé kúrú sí lm lára páálí. Nǹkan bí lúmẹ̀nì 800 ni gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 ń tan. Nítorí náà, gílóòbù yẹ́lò tí wọ́n kọ 1000 lm sí lára yóò tan ìmọ́lẹ̀ ju funfun tí wọ́n kọ 800 lm sí lọ, ohun yòówù kí ọlọ́jà wí.

Òótọ́ kékeré tí mo mẹ́nu bà lókè rèé. Inú gbogbo gílóòbù LED tó wọ́pọ̀, ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń ti inú rẹ̀ jáde. Ìmọ́lẹ̀ búlúù yìí ṣòroó ṣe débi pé àwọn mẹ́ta tó rí ọ̀nà rẹ̀, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní ọdún 2014. Kẹ́míkà tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ ló ń sọ búlúù yìí di funfun. Bí wọ́n bá fẹ́ kó di yẹ́lò, kẹ́míkà náà ní láti pọ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ a sì máa sọnù sínú rẹ̀. Nítorí èyí, bí ilé-iṣẹ́ kan náà bá ṣe méjèèjì ní wáàtì kan náà, lúmẹ̀nì ti funfun lè fi díẹ̀ ju ti yẹ́lò lọ, ojú wa náà sì lè rí funfun bí ẹni pé ó tàn jù. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ sọ yàrá rẹ̀ di wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn.

Nínú yàrá tí a ń sùn gan-an ni funfun báláú ti burú jù. Àwọn ohun kan wà ní ẹ̀yìn ẹyinjú wa tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ìríran, bí kò ṣe láti sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́, ìmọ́lẹ̀ búlúù ló sì ń ta wọ́n jí jù. Bí wọ́n bá ti rí i lálẹ́, ara yóò dín melatonin kù, èyí tó ń múra ara sílẹ̀ fún oorun. Gílóòbù 2700K tí kò mọ́lẹ̀ jù ló yẹ níbẹ̀. Pálọ̀ tí ẹbí máa ń jókòó sí lálẹ́ lè lo 2700K tàbí 3000K. Ní kíṣíìnì tí ọ̀bẹ ti ń ṣiṣẹ́, tàbí lórí tábìlì ìkẹ́kọ̀ọ́, 4000K dára púpọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní ìṣòro kankan, kó ṣáà ti bá iná tó sún mọ́ ọn mu.

Ìgbàgbọ́ kan tún so mọ́ èyí, tí mo rò pé ó ń pa àwọn aránṣọ lára ju àwọn onílé lọ: pé lábẹ́ iná funfun ni a ti ń rí àwọ̀ bó ṣe rí gan-an. Kelvin kọ́ ló ń sọ ìyẹn. Nọ́ńbà mìíràn wà fún un lára páálí tó bá dára, wọ́n máa ń kọ CRI tàbí Ra síwájú rẹ̀, 100 ló sì ga jù. Gílóòbù àtijọ́ tí à ń bú fẹ́rẹ̀ẹ́ gba 100 gan-an, nígbà tí ọ̀pọ̀ LED wà ní nǹkan bí 80. Aránṣọ tó ń wá òwú tó bá aṣọ òkè aláwọ̀ ẹ̀tù mu lábẹ́ funfun tí nọ́ńbà yìí ti kéré lè mú òwú dúdú láìfura, ó di ìgbà tí oníbàárà bá bọ́ sí ìta kí àṣìṣe náà tó hàn. Ọbẹ̀ elépo pàápàá a máa dàbí èyí tó ti ṣá lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀, torí pé pupa ló kọ́kọ́ ń jìyà. Yálà 3000K ni o fẹ́ tàbí 4000K, wá Ra 90 fún ibi iṣẹ́ àti fún iwájú jígí.

Lára àwọn kan, pàápàá iná gbọọrọ, nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n ń kọ pọ̀. Ìkíní ń tọ́ka sí CRI, méjì tó kẹ́yìn sì ń tọ́ka sí Kelvin: 827 jẹ́ CRI tó lé ní 80 pẹ̀lú 2700K, 865 sì jẹ́ irú rẹ̀ ní 6500K. Má ṣe da méjèèjì pọ̀ mọ́ra nínú àjà kan ṣoṣo, ojú kì í gbádùn rẹ̀. Ní ti iná ẹnu ọ̀nà, yẹ́lò ni kó o fi síbẹ̀ nígbà òjò, torí pé funfun tó ní búlúù púpọ̀ ni ọ̀pọ̀ kòkòrò abìyẹ́ máa ń wọ́ tọ̀, bí ẹ kò bá sì fẹ́ jẹ èsúnsún, ẹ ó kàn máa gbá ìyẹ́ ni láàárọ̀.