Etí Yorùbá Ni Kí Ọmọ Àjàṣẹ́ Fi Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ nílẹ̀ Benin, èrò ọkàn mi rèé o. Faransé la fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé yẹn náà ló sì ń da ohùn rú mọ́ wọn lẹ́nu.

Ẹ wo "communication". Bákan náà ni èdè méjèèjì ṣe ń kọ ọ́. Ìparí ni Faransé ń fi agbára ohùn (stress) sí, bẹ́ẹ̀ lọmọ á ṣe gbé e wọnú Gẹ̀ẹ́sì. Fáwẹ̀lì 6 lojú rí nínú ọ̀rọ̀ náà, sílébù (ègé ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń pè lẹ́ẹ̀kan) 5 letí gbọ́, torí ẹyọ kan ṣoṣo ni "tion": com-mu-ni-CA-tion. Sílébù tó ṣáájú "-tion" ló ń gba agbára. "-ic" àti "-ity" náà bẹ́ẹ̀: u-ni-VER-si-ty. Ẹ̀yìn la ti ń kà á wá. (Arabic àti politics ya olóríkunkun, ìbẹ̀rẹ̀ ni tiwọn.)

Kí ló wá ṣòro níbẹ̀ fún Yorùbá? Àwọn tó sọ computer di kọ̀ǹpútà, orí "pú" ni wọ́n gbé ohùn òkè lé, ibẹ̀ gan-an sì ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi agbára sí. Hòtẹ́ẹ̀lì, gómìnà, tíṣà, ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá ara mu ṣá: a gbé "fí" sókè nínú tẹlifíṣọ̀n, sílébù àkọ́kọ́ sì ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbé.

Ibi tí Yorùbá fúnra rẹ̀ ti ń tàn wá ni pé gbogbo fáwẹ̀lì wa là ń pè yanjú. Gẹ̀ẹ́sì a máa gbé tirẹ̀ mì. "Pho" ló wúwo nínú photograph. Tó bá di photography, "to" ló gbà á, "o" inú "pho" á wá rọ̀, á kúrú, kò ní jọ o, kò ní jọ a. Ọmọ tó pariwo "to" tí kò dín "pho" kù, iṣẹ́ ẹ̀ kò tíì dé ìdajì.

Ẹ jẹ́ kó fi ìka kan tábìlì fún sílébù kékeré, kó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a fún ńlá. Photography: ìka, àtẹ́lẹwọ́, ìka, ìka. Nínú photographic, àtẹ́lẹwọ́ bọ́ sí ìkẹta. Bí ìka bá ti ń dún bí àtẹ́lẹwọ́, ẹ dá a dúró, kó tún un mú láti ìdí: phy, gra-phy, TO-gra-phy, pho-TO-gra-phy.