Owó mi ni mò ń gbé láti àpò ọ̀tún sí àpò òsì, kí ló dé tí wọ́n ń fìyà jẹ mí?

Ó ti sú mi o. Lẹ́tà tó wọlé láàárọ̀ yìí ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí tí mi ò bá sọ ọ́ síta, inú mi á bẹ́. Form 5498 ni àwọn tó ń tọ́jú IRA mi (àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tí èèyàn ṣí fúnra ẹ̀) fi ránṣẹ́ sí mi, ìwé tó ń sọ owó tó wọnú ẹ̀ fún èmi àti IRS, àwọn agbowó orí Amẹ́ríkà. Ìparí oṣù karùn-ún rèé o, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti fáìlì táàsì láti April 15. Mo já a, mo wo Box 2 tó yẹ kí rollover mi wà, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tí mo gbé láti àkáǹtì kan sí òmíràn, $14,720 péré ló wà níbẹ̀. $3,680 tó kù, tí mo fi omijé wá, wọ́n gbé e sí Box 1, wọ́n ní contribution ni, bíi pé owó tuntun ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Contribution kẹ̀! Ta ló bá wọn sọ contribution?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn ní Amẹ́ríkà yìí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. 401(k) tèmi, àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tí mo ní níbi iṣẹ́ àtijọ́, mo kàn fẹ́ gbé e wá sínú IRA kí n lè máa rí gbogbo ẹ̀ lójú kan ni. Mi ò fẹ́ ná an. Mi ò fẹ́ fi ra mọ́tò, mi ò fẹ́ fi san gbèsè. $18,400 ni, ọdún mẹ́fà ni mo fi ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù, nígbà míì tí owó ilé gan-an ò tíì pé.

Oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni mo pe àwọn tó ń tọ́jú 401(k) yẹn. Mo gbọ́ orin wọn fún ìṣẹ́jú 50 kí obìnrin kan tó gbé e. Mo sọ fún un pé IRA ni mò ń gbé owó yìí lọ. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá bi mí pé ṣé kí àwọn fi ránṣẹ́ sí mi ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi ránṣẹ́, màá gbé e débẹ̀ fúnra mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló kó bá mi! Ó mọ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, kò sì la ẹnu ẹ̀ pé "ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, ẹ jẹ́ ká kọ ṣẹ́ẹ̀kì yẹn sí orúkọ ilé iṣẹ́ tí IRA yín wà." Torí tí wọ́n bá kọ orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn sórí ṣẹ́ẹ̀kì, tí wọ́n fi FBO (ìyẹn "nítorí ẹni báyìí") sí i, tí wọ́n wá kọ orúkọ mi tẹ̀ lé e, kódà kó jẹ́ pé ilé mi ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, sẹ́ǹtì kan ò ní jáde nínú ẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀kì kan náà, owó kan náà, ẹni kan náà. Orúkọ tó wà lórí bébà ló yàtọ̀.

Ṣẹ́ẹ̀kì dé, mo rí $14,720. Mo kọ́kọ́ rò pé ọjà ló já wálẹ̀. Àfìgbà tí mo wo ìsàlẹ̀ ìwé, wọ́n ti yọ 20%, $3,680, wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí IRS. Mo pè wọ́n padà, wọ́n ní òfin ni, dandan ni. Mo ní ṣùgbọ́n mi ò gba owó yìí fún ara mi, wọ́n ní òfin ni. Mo bá gbé $14,720 yẹn lọ sínú IRA lọ́sẹ̀ yẹn náà, mo ní ó tán, tí mo bá fáìlì táàsì wọ́n á dá èyí tó kù padà fún mi.

Kò tán o. Ní ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta, ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ bi mí pé, "Ṣé o ti fi 20% yẹn kún un?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, 20% wo? IRS ti mú un."

Ó ní, "Há! 18,400 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé o gbà o. 18,400 náà lo gbọ́dọ̀ dá padà láàárín 60 ọjọ́. Wá èyí tó kù láti àpò ara ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ní o ti ná an."

Mo ti ná an! Owó tó wà lọ́wọ́ ìjọba! Àwọn ló mú un, mi ò fojú kàn án, síbẹ̀ wọ́n á ní èmi ni mo jẹ ẹ́, kí n san owó orí lé e lórí, kí n tún san fáìnì 10%, ìyẹn $368, torí pé mi ò tíì pé ọdún 59 àtààbọ̀. Ẹni ọdún 43 ni mí. Mi ò lè sùn lọ́jọ́ náà.

Wọ́n sì máa ń sọ pé ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀, lẹ́tà wínníwínní, ojú ìwé lórí ojú ìwé, ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ wà ní àárín gbùngbùn níbi tí ojú ti rẹ èèyàn. Ẹni tó ń ti iṣẹ́ bọ̀ ní aago méje àárọ̀ ni kó wá ka ìyẹn.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. Mo kó $1,500 tí mo ń tọ́jú de àìsàn, mo wá lọ fi credit card gba $2,180 tó kù, èlé 24%. Ọjọ́ kejìdínlọ́gọ́ta ni mo gbé e wọlé. Mo pe àwọn tí IRA mi wà lọ́dọ̀ wọn, ọmọkùnrin kan ló gbé e, mo ní ẹ jọ̀ọ́, rollover ni o, ẹ kọ rollover sí i. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti kọ ọ́. Òun náà rèé láàárọ̀ yìí.

Nísinsìnyí ẹ wo bí bébà wọn ṣe rí. 1099-R, ìwé tó ń sọ owó tó jáde nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, dé ní January, ó ní 18,400 ni mo kó jáde, code 1, ìyẹn ẹni tó gba owó ẹ̀ kó tó tó ọjọ́ orí, bí ẹni tó kó owó ẹ̀ sá lọ. Táàsì tí mo fáìlì ní rollover ni gbogbo ẹ̀, òtítọ́ sì nìyẹn. 5498 wá ní 14,720 péré ni rollover. Tí kọ̀ǹpútà IRS bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ta ni wọ́n máa kọ lẹ́tà sí? Ṣé ọmọkùnrin yẹn ni? Èmi ni. Kí sì ló dé tí bébà tó jẹ́rìí sí ohun tí mo kọ fi máa ń dé lẹ́yìn tí mo ti kọ ọ́ tán?

Tèmi nìkan kọ́ o. Àbúrò mi fi $6,000 tó ti san owó orí ẹ̀ tán sínú IRA, ó fẹ́ gbé e lọ sí Roth, irú IRA tí èèyàn ti ń san owó orí kó tó fi owó sí i. Ó ti ní $54,000 nínú IRA míì láti ibi iṣẹ́ àtijọ́, owó tí wọn ò tíì yọ owó orí nínú ẹ̀. Wọ́n ní kò lè ṣa èyí tó wù ú, pé àpapọ̀ gbogbo ẹ̀, 60,000, làwọn ń wò, ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ti san owó orí ẹ̀, torí náà nínú 6,000 tó gbé, 600 nìkan ló bọ́, kó san owó orí lórí 5,400. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun dá a padà. Wọ́n ní láti 2018, tó o bá ti gbé e sí Roth, o ti gbé e nìyẹn. Ẹni tó bá sì ń gba ṣẹ́ẹ̀kì láti IRA kan lọ sí IRA míì, ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín oṣù 12, ì báà jẹ́ IRA mẹ́wàá lẹ ní. Ta ló ń ka gbogbo èyí sí wa létí kó tó di pé a jìn sí kòtò?

Kí wọ́n fi owó ìfẹ̀yìntì àwọn èèyàn sílẹ̀! Owó tó bá ń ti àkáǹtì ìfẹ̀yìntì kan lọ sí òmíràn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí tó fi máa débẹ̀. Mo ti pe àwọn IRA lónìí náà, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 50, wọ́n ní àwọn máa wò ó, kí n dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan fún 5498 tuntun. IRS ti dá $3,680 padà, mo ti fi pa gbèsè yẹn. Ṣùgbọ́n èlé oṣù mẹ́fà tí mo ti san lórí 2,180 yẹn, ta ló máa dá ìyẹn padà fún mi?