Látòósà Jẹ Gbèsè Aṣọ

(Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan lẹ́bàá Bẹẹrẹ, n'Íbàdàn. Ooru ń mú, fáànù kan ṣoṣo ló ń yí, òun náà ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Eré Ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, jà ni wọ́n fẹ́ ṣe. Kọ̀ńdọ̀ bọ́ọ̀sì ló máa ṣe Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn.)

TÍṢÀ: Ẹ dákẹ́ ná! Wọ́n fẹ́ tẹ ìwé tá a máa pín lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n kọ iṣẹ́ kálukú àti ibi tó ti ṣeré rí sí i. Látòósà, níbo lo ti ṣeré rí?

KỌ̀ŃDỌ̀: Tíṣà, ọdún méje ni mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, Ìwó Róòdù sí Challenge, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún èèyàn pé mi ò ní ṣéńjì, wọ́n dẹ̀ ń gbà mí gbọ́. Eré wo ló tún jùyẹn lọ?

TÍṢÀ: (ó ń kọ ọ́) Ìwọ tó o máa yìnbọn ńkọ́?

FÚKANÁÍSÀ: Fúkanáísà ni mí sà, ní Mọ́lété. Ẹ gbọ́ ìbọn mi. (Ó tú afẹ́fẹ́ táyà) Ṣììììì.

TÍṢÀ: Kí ni ṣììì? Bí ìbọn ńlá yẹn ṣe ń dún kí-rì-jì láàárín òkè ni wọ́n fi sọ ogun ọ̀hún lórúkọ, ṣé o wá fẹ́ ká máa pè é ní Ogun Ṣìì ni?

FÚKANÁÍSÀ: Afẹ́fẹ́ ló ń bẹ nínú táyà sà, kì í ṣe ẹ̀tù.

ÌYÁ ALÁMÀLÀ: Èmi ńkọ́? Kọ ọ́ pé Ìyálóde Ẹfúnṣetán ni mí, mò ń ta àmàlà, mo dẹ̀ ń bọ̀ lójú ogun.

TÍṢÀ: Ìyá wa, ẹ má bínú, 1874 ni Ẹfúnṣetán kú, 1877 logun bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti kú láti ọdún mẹ́ta.

ÌYÁ ALÁMÀLÀ: Ó dáa. Òkú kì í ro àmàlà. (Ó dé ìkòkò gbẹ̀gìrì padà.)

TÍṢÀ: (ojú ẹ̀ ò kúrò lára ìkòkò) Ẹ... iwin yín máa wá. Gbólóhùn méjì.

ÌYÁ ALÁMÀLÀ: Mẹ́rin.

TÍṢÀ: Mẹ́rin, mà. Ó yá, ogun! Ìbàdàn lápá ọ̀tún, Èkìtìparapọ̀ lápá òsì. Ògèdèngbé, olórí ogun wọn, ẹ wọlé!

(Aláṣọ wọlé, ọmọ Iléṣà tó ń tajà láwìn fún gbogbo àdúgbò, idà páálí lọ́wọ́. Ọmọ ogun Ìbàdàn 12 wò ó lẹ́ẹ̀kan, mẹ́sàn-án gba ojú fèrèsé jáde.)

TÍṢÀ: Kí lẹ̀ ń sá fún? Ọdún 16 ni wọ́n fi ja ogun yìí láìsẹ́ni tó borí, ẹ̀yin ò lo ìṣẹ́jú kan!

ỌMỌ OGUN KAN: (láti ìta) Tíṣà, ẹ bá wa bi í bóyá ìwé gbèsè wà lápò ẹ̀!

ALÁṢỌ: Ó wà ńbẹ̀. Látòósà, yáàdì 6, láti ìgbà Ààwẹ̀.

KỌ̀ŃDỌ̀: Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní ṣéńjì.

(Aláṣọ lóṣòó sáàárín ojú ogun.)

TÍṢÀ: Ẹ dìde jọ̀ọ́! Ògèdèngbé ò lóṣòó lójú ogun!

ALÁṢỌ: Ṣebí ẹ ní ká sọ iṣẹ́ wa? Òṣómàáló ni mí, mo máa ń lóṣòó títí onígbèsè á fi sanwó ni, ibi tí mo ti ń ṣeré nìyí.

KỌ̀ŃDỌ̀: Tíṣà, ọdún wo lẹ ní Látòósà kú?

TÍṢÀ: 1885, ní bùdó ogun, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì kù níwájú...

(Kọ̀ńdọ̀ ti nà gbalaja, ó dijú pinpin.)

ÌYÁ ALÁMÀLÀ: Háà! Owó àmàlà àná ńkọ́?

ALÁṢỌ: (ó fi ìlóṣòó sún mọ́ orí òkú) Ẹ fi í lẹ̀, mà. Ogun ọdún 16 ṣáà ni.