K ti wọ Tagalog kí Lope K. Santos tó kọ gírámà

Wọ́n máa ń sọ pé Lope K. Santos, òǹkọ̀wé àti olóṣèlú ọmọ Pasig ní Filipínì, ló ṣẹ̀dá Abakada, ìyẹn ábídí Tagalog, pé òun ló sì mú lẹ́tà K wọ èdè náà. Irọ́ ni ti K yẹn. 1879 ni wọ́n bí i. Pardo de Tavera, ọ̀mọ̀wé ọmọ Filipínì, ti ń fi K kọ Tagalog nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1887. Nígbà tí José Rizal, òǹkọ̀wé ọmọ Filipínì, gbèjà àkọtọ́ tuntun yìí nínú ìwé ìròyìn La Solidaridad ní oṣù kẹrin 1890, ọmọ ọdún mẹ́wàá péré ni Santos. Katipunan, ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1892 láti gba òmìnira lọ́wọ́ Sípéènì tó ń ṣàkóso wọn, tilẹ̀ to K mẹ́ta sára àsíá.

Àkọtọ́ Sípéènì ló sú wọn. Jíjẹ ni "cain". Tí ó bá ti di ohun tí a jẹ tán, ó di "quinain", torí pé c tó bá ṣáájú i, ohùn s ló ń mú jáde. Ìró kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà yàtọ̀. Àfi bí ẹni pé àwa náà ń kọ "cà", tó bá wá kan "kíkà", ká kọ ọ́ ní "quícà"! K ló tán an: kain, kinain. W náà gba ipò o: "arao", oòrùn, di araw.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi kó o lé Santos lórí? Balarila ng Wikang Pambansa ni, gírámà tó kọ, tó jáde ní 1940, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè orílẹ̀-èdè, tí wọ́n gbé karí Tagalog, nílé ìwé. Ibẹ̀ ló to lẹ́tà 20 Abakada sí: a, b, k, d, e, g, h, i, l, m, n, ng, o, p, r, s, t, u, w, y. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá bá nínú ìwé, ẹni tó kọ ìwé ló máa ń gbà pé ó dá a. F kò sí níbẹ̀: Pilipinas ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe Filipinas. 1987 ni ábídí ṣẹ̀ṣẹ̀ di 28.

K inú orúkọ rẹ̀ gan-an, Canseco ni, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yí C padà. Ọmọlẹ́yìn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan tún ní òun ló fi ipò gómìnà àti sẹ́nétọ̀ sọ Tagalog di èdè orílẹ̀-èdè. Ààrẹ Quezon ló pàṣẹ ìyẹn ní 30 oṣù kejìlá 1937, lẹ́yìn àbá ìgbìmọ̀ tí Jaime de Veyra, ọmọ ẹ̀yà Waray, tí kì í ṣe Tagalog, ṣe alága rẹ̀. Ní Sẹ́nétì, òfin tí wọ́n mọ̀ mọ́ Santos ni èyí tó jáde ní 1921, tó sọ 30 oṣù kọkànlá di ọjọ́ ìsinmi ní ìrántí Andrés Bonifacio, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ oní-K mẹ́ta yẹn sílẹ̀.