Òkò tí a sọ lu MTN kò dé Pretoria

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ìròyìn dé pé wọ́n tún ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn àjèjì ní Johannesburg, Gúúsù Áfíríkà. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ kan ní Èkó, ni wọ́n bá ya bo Shoprite, ilé ìtajà ńlá tó ti Gúúsù Áfíríkà wá, ní Lẹ́kí àti Sùúrùlérè. MTN, ilé-iṣẹ́ fóònù tó ti ibẹ̀ wá, náà kéde pé wọ́n kọlu dúkìá òun ní Èkó, Ìbàdàn àti Uyo, ó sì ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó ń sọ òkò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà gbọ́ títí dòní: pé ilé-iṣẹ́ ńlá tó ti òkèèrè wá ni aṣojú ìlú tó ti wá, tí a bá nà án, ìjọba wọn (ti Gúúsù Áfíríkà, Pretoria ló wà) ni yóò ké.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ta ló ni nǹkan tí wọ́n fọ́? Àyè ni Shoprite háyà nínú ilé ìtajà. Àwọn oníṣòwò míì ló ni ṣọ́ọ̀bù tó yí i ká, ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gba owó oṣù níbẹ̀. Ní ti MTN Nigeria, ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 gan-an ni ìpín ìdókòwò rẹ̀ wọ ọjà ìpín ní Èkó, ní náírà 90 fún ìpín kan. Nígbà tí òkò ń fò, kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Ní ìparí 2021, ilé-iṣẹ́ náà tún gbé ìpín mílíọ̀nù 575 kalẹ̀ fún ará ìlú ní náírà 169. Ti Shoprite tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 2021, àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ta ẹ̀ka Nàìjíríà fún ilé-iṣẹ́ kan níbí, Ketron, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò lára pátákó. Ẹni tó bá fẹ́ fi òkò bá Pretoria sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ pátákó yẹn lẹ́yìn ìgbà náà, ọmọ ilé ló ń bá jà.

Apá kejì ìgbàgbọ́ yìí ni pé ìjọba ìlú wọn ló ń darí wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba Gúúsù Áfíríkà ní ìpín tó pọ̀ nínú MTN Group. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ owó ìtanràn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, NCC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ fóònù, ka síìmù mílíọ̀nù márùn-ún ó lé díẹ̀ tí MTN kò yọ kúrò lójú òpó bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò forúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Náírà 200,000 ni wọ́n bù lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ di tírílíọ̀nù kan àti bílíọ̀nù 40. Wọ́n dín in kù sí bílíọ̀nù 780. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, MTN gba ẹjọ́ tó pè lórí ìtanràn náà kúrò ní kóòtù, ó san bílíọ̀nù 50. Ní oṣù Kẹta, Zuma, Ààrẹ Gúúsù Áfíríkà nígbà náà, fúnra rẹ̀ wá sí Àbújá. Ibẹ̀ ni Buhari ti sọ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ ààbò ni síìmù tí kò ní orúkọ. Ó di oṣù Kẹfà kí wọ́n tó fẹnu kò sí bílíọ̀nù 330, pẹ̀lú àdéhùn pé ìpín MTN yóò wọ ọjà Èkó. Ikọ̀ ìjọba kì í rí irú èyí. Kóòtù wa kò lè pe aṣojú lẹ́jọ́. Tó bá ṣẹ̀ wá, a ó ní kó padà sílé ni.

Ẹ̀bùn ńkọ́? MTN Foundation, àjọ aláàánú MTN, ń gbà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èrè ilé-iṣẹ́ náà lẹ́yìn owó orí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba owó ìrànwọ́ níbẹ̀, MTN ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rántí Pretoria. Ìpolówó náà Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti pidgin ló ń sọ, torí ìyẹn ló ń ta káàdì. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń di ará ilé tó, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní tó ń ṣe fún orúkọ ìlú rẹ̀ ń dín kù. Tí ìjà bá wá dé, àjèjì ni wọn yóò tún pè é. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ náà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Belgrade, olú ìlú Serbia, ní 1999. Nígbà tí NATO, àjọ ológun tí Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀, ń ju bọ́ǹbù, àwọn ènìyàn fọ́ McDonald's, ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Serbia, ti ilé oúnjẹ pa fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ya fìlà ìbílẹ̀ wọn sórí àmì M, wọ́n sì ń pín bọ́gà lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó ń wọ́de lòdì sí NATO. Amẹ́ríkà ló ni orúkọ, ṣùgbọ́n oníbàárà ni wọ́n tẹ̀ lé.

Èyí kò sọ pé ilé-iṣẹ́ kò lè ṣe nǹkan kan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019 kan náà, Air Peace fi ọkọ̀ òfuurufú gbé àwọn ọmọ Nàìjíríà wálé láti Johannesburg lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wúlò fún orúkọ Nàìjíríà, torí àwọn tí ìṣòro náà bá gan-an ni ó gbé.

Ohun tó dé Pretoria nìyí: Gúúsù Áfíríkà rán ikọ̀ àkànṣe, Jeff Radebe ṣíwájú wọn, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Buhari ní ọjọ́ 16 oṣù yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, Buhari lọ sí Pretoria, òun àti Ramaphosa, Ààrẹ Gúúsù Áfíríkà, sì gbà láti dá ètò sílẹ̀ tí yóò máa ta ìjọba méjèèjì lólobó kí ìkọlù tó bẹ̀rẹ̀.