"Wọ́n ti kọ rísọ́ọ̀tì sílẹ̀ l'Ábújá": kí ló wá dé tí wọ́n tún ń ra ìbò?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó bí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi l'Ókè-Fìà níbí l'Óṣogbo, rédíò ń pariwo lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń sọ pé káwọn èèyàn lọ forúkọ sílẹ̀ torí 2027. Ni ọmọkùnrin yìí bá pòṣé, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá wọn lóhùn jàre, wọ́n ti kọ rísọ́ọ̀tì sílẹ̀ l'Ábújá, àwa kàn ń lọ fi oòrùn pa ara wa ni." Èèyàn mẹ́rin ló jókòó síbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mi orí. Bàbá kan tó ń dúró de táyà ẹ̀ tiẹ̀ ní "àṣírí tú".

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí débi pé mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Nínú dánfó, níbi ìnáwó, lórí Wàsáàpù, kódà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní London máa ń fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́ sí wa pé ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú. Ó ti di ohun tí èèyàn ń sọ kí wọ́n lè mọ̀ pé ojú òun ti là, òun kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Èmi náà sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò ní purọ́. Ohun tó jẹ́ kí n jáwọ́ ńbẹ̀ ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fígọ̀, fígọ̀ ọ̀hún ò sì bá ọ̀rọ̀ yẹn mu rárá.

Ẹ rántí 2018 níbí l'Ọ́ṣun. Ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án la dìbò gómìnà. Nígbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀ tán, Adémọ́lá Adélékè ti PDP ní 254,698, Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC ní 254,345. Ẹ yọ ọ́ wò. 353 péré! Odidi ìpínlẹ̀ o, ìjọba ìbílẹ̀ ọgbọ̀n, láti Ìlá dé Ìwó dé Ifẹ̀, èèyàn 353 ló là wọ́n láàárín. Àwọn tó máa ń wá jẹun níbi ìsìnkú kan ṣoṣo lágboolé wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. INEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò, ní àwọn ò lè kéde ẹnikẹ́ni, torí wọ́n ti fagi lé ìbò yúníìtì méje ní Òṣogbo, Oròlú, Ife North àti Ife South, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ 3,498, wọ́n pọ̀ ju 353 lọ. Ìgbà yẹn ni gbogbo ayé mọ ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ inkọnkulúsífù, ìyẹn pé ìbò ò tíì parí, àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ládùúgbò, tí ìyá wọn bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti fọ abọ́ tán, wọ́n á ní inkọnkulúsífù.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn ògúnná gbòǹgbò òṣèlú Nàìjíríà kó ara wọn wá s'Ífẹ̀, wọ́n lọ ń bẹ Ìyíọlá Omíṣore tó ṣe ipò kẹta pẹ̀lú ìbò 128,049. PDP lọ, APC lọ, APC ló rí i mú. Ọjọ́ 27 wọ́n tún un dì láwọn yúníìtì méje yẹn, Oyètọ́lá wọlé, 255,505 sí 255,023, ìyàtọ̀ ẹ̀ ò ju 482 lọ. Mi ò sọ pé atúndì ọjọ́ yẹn mọ́ o, àwọn alámòójútó láti òkè òkun pàápàá sọ pé wọ́n dẹ́rù ba àwọn èèyàn, wọn ò jẹ́ káwọn kan dìbò. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ l'Ábújá, níbi tí APC ti ń ṣe ìjọba nígbà yẹn, ta ló jókòó tó fi bàírò kọ ọ́ pé kí ẹgbẹ́ tiẹ̀ fi 353 ṣubú, kó lè wá máa sá kiri lóru lọ bẹ ẹni tó ṣe ipò kẹta? Ẹni tó bá ń kọ rísọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀ a máa bu púpọ̀ fún ara ẹ̀, kò ní fi ara ẹ̀ sínú gbèsè.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 16 oṣù keje 2022, Oyètọ́lá wà lórí àga gómìnà, Buhari tó jẹ́ APC wà n'Ílé Aso Rock, Tinubu tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí Oyètọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ ní bí oṣù kan sẹ́yìn. Tí ẹnikẹ́ni bá wà lórílẹ̀-èdè yìí tó yẹ kí wọ́n bá kọ rísọ́ọ̀tì, òun ni. Ó sì fìdí rẹmi. 403,371 fún Adélékè, 375,027 fún òun. Wọ́n gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, tìràbúnà gba ipò náà lọ́wọ́ Adélékè ní oṣù kìíní 2023, wọ́n ní ìbò pọ̀ ju èèyàn lọ ní yúníìtì 744, Kọ́ọ̀tù Kòtẹ́milọ́rùn dá a padà fún un lóṣù kẹta, Supreme Court fi òǹtẹ̀ lù ú lóṣù karùn-ún. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ní gbogbo àsìkò yẹn, yúníìtì yìí, yúníìtì yẹn, mélòó ni BVAS, ẹ̀rọ tó ń ka àwọn tó wá dìbò, kà níbí, mélòó ni wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù lọ́hùn-ún. Lọ́yà ńlá ńlá ń fi owó ńlá jà lórí ìbò tí wọ́n dì lábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹlòmíì á ní Ọ̀ṣun nìyẹn, Ọ̀ṣun le. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ s'Ékòó. Ọjọ́ 25 oṣù kejì 2023, Peter Obi na Tinubu ní Èkó. Èkó o! 582,454 sí 572,606. Tinubu, tí gbogbo wa ń sọ pé àpò ẹ̀ l'Èkó wà. Buhari náà wà lórí oyè nígbà yẹn, Atiku sì mú Katsina mọ́ Tinubu lọ́wọ́ nílé baba Buhari, 489,045 sí 482,283. Àti Ọ̀ṣun náà, Atiku ló mú un. Tí ẹ bá padà sí 2015, Jonathan tó ń ṣe ààrẹ lọ́wọ́, tó ní ọlọ́pàá, tó ní sójà, tó ní owó, ó fi ju mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ìbò ṣubú. Àwọn tó ń kọ̀wé l'Ábújá yìí, ìwé wọn ò yé mi.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tó ń dùn mí jù. Dìbò kó o sebẹ̀, ìyẹn kí wọ́n fowó ra ìbò ẹni. Kò sí ọmọ Ọ̀ṣun àbí ọmọ Èkìtì tí ò mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní yúníìtì wa lọ́dún 2022, mo fojú ara mi rí i. Kì í ṣe gbangba, wọ́n gbọ́n ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń ta ẹ̀wà, ó mú ìwé ẹ̀ksásáìsì kan lọ́wọ́, orúkọ ló kún inú ẹ̀. Tí o bá dìbò tán, o ò ní pa ìwé ìbò ẹ pọ̀ dáadáa, wàá jẹ́ kó là díẹ̀ bó o ṣe ń lọ sídìí àpótí, ẹlòmíì tó dúró níbì kan á ti rí ibi tó o tẹ̀ka sí, á yọjú sí oníwèé, oníwèé á fàlà sábẹ́ orúkọ ẹ, ìwọ á wá lọ rà ẹ̀wà. Ibi ẹ̀wà yẹn lowó wà. Mo gbọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún láàárọ̀, nígbà tó fi máa di aago kan ó ti ń lọ sókè, torí ẹgbẹ́ kejì náà ti ní oníwèé tiwọn lẹ́yìn ilé ìwé.

Ìbéèrè mi rèé, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń bi àwọn èèyàn, kò tíì sẹ́ni tó dá mi lóhùn: ta ló máa ń sanwó ọjà tó ti wà nínú àpò ẹ̀? Àwọn èèyàn wọ̀nyí tí wọn ò lè san owó oṣù, tí wọ́n ń jẹ àwọn tó fẹ̀yìn tì lówó ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n jí láago márùn-ún, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà wá sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, wọ́n ń bẹ ìyá alákàrà. Wọ́n mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ìyá yẹn. Ìyá yẹn ni ò mọ̀.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá ṣá, kò wá látọ̀run. Ìbò 2007 burú débi pé Yar'Adua tó wọlé fúnra ẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un pé kùdìẹ̀-kudiẹ wà nínú ẹ̀. Mímikò l'Óǹdó, Fáyẹmí l'Ékìtì, Arẹ́gbẹ́ṣọlá níbí, kọ́ọ̀tù ló bá wọn gba ohun tí wọ́n dìbò fún wọn lọ́dún yẹn, ti Arẹ́gbẹ́ṣọlá ò sì dé àfi oṣù kọkànlá 2010, ó ku díẹ̀ kí ọdún mẹ́rin pé. Àwọn bàbá wa náà rántí 1983 l'Óǹdó, nígbà tí wọ́n kéde Ọmọ́bọ́ríowó lórí Ajáṣin tó ń ṣe gómìnà lọ́wọ́, tí iná ń jó láti Àkúrẹ́ lọ. Nítorí náà ẹni tó bá ní wọn ò fèrú ṣe ìbò rí, kó lọ sinmi. Ohun tí mò ń sọ ni pé èrú ọ̀hún, ilẹ̀ níbí ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe Ábújá, àwọn èèyàn tá a mọ orúkọ wọn ló ń ṣe é, ibi tí wọ́n sì ti ń ráyè ṣe é ni ibi tá a bá ti lọ sùn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ. Aago méjì ààbọ̀ ni ìdìbò máa ń parí fẹ́ni tí ò bá ti sí lórí ìlà. Wọ́n á tú àpótí lójú gbogbo èèyàn, kọ́pà á máa gbé ìwé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó dúró á máa kà á pẹ̀lú ẹ̀. Tiwa lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ kékeré ló gba orin ẹ̀, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, bíi ẹni ń ka ayò. Ó dé orí ìwé kan, àtàǹpàkò wà láàárín ẹgbẹ́ méjì gẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan níbí, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Àgẹ́ǹtì méjèèjì fẹ́ jà. Kọ́pà ní kò wọlé, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo wa mí kanlẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ àtàwọn àṣìṣe míì bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó 939,278 nínú ìbò ààrẹ 2023. Ó ku díẹ̀ kó pé mílíọ̀nù kan, kò sẹ́ni tó jí i, àwa la fi ọwọ́ ara wa bà á jẹ́, àmọ́ ìyẹn ò dùn-ún sọ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Lẹ́yìn kíkà, wọ́n á kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù EC8A, àgẹ́ǹtì á sáìn, wọ́n á gba kọ́pì tiwọn, ọlọ́pàá á gba tiẹ̀, wọ́n á lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ tí fọ́ọ̀mù bá ti kúrò níbẹ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù, sí ìjọba ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi 1 ṣe 7. Tí ẹ bá ní kọ́pì tiyín, tàbí tí ẹ ya fọ́tò èyí tó wà lára ògiri, ẹ ní nǹkan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló kù níbẹ̀ láago mẹ́rin? Lọ́jọ́ yẹn, àwa tá a kù ò tó ogún, àwọn ọmọ tó ń kà á bí ayò sì wà nínú ogún yẹn.

INEC náà ò ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn á máa gbé rísọ́ọ̀tì sórí IReV, ibi tí gbogbo èèyàn ti lè wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní wàràǹsesà lọ́dún 2023, tó wá kan ìbò ààrẹ ló kọ̀ tí ò lọ, ti sẹ́nétọ̀ lọ, ti ààrẹ dúró. Mi ò ní gbà wọ́n sílẹ̀ lórí ìyẹn láéláé. Ìgbà yẹn ni ẹni tó ti fẹ́ gbàgbọ́ diẹ̀ sọ ìgbàgbọ́ ẹ̀ nù.

Fígọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún 2023 jẹ́ 93,469,008. Àwọn tí BVAS rí ní gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 25,286,616. Àwọn tí ò yọjú lé ní mílíọ̀nù méjìdínláàádọ́rin. Lóòótọ́ orúkọ àwọn òkú wà ńbẹ̀, àwọn kan ò sì gba káàdì wọn, ẹ yọ wọ́n. Ẹ tún wá ro ìbò Tinubu, Atiku àti Obi pọ̀, kò pé mílíọ̀nù méjìlélógún. Àwọn tó jókòó sílé pọ̀ ju ìlọ́po méjì gbogbo wọn lọ, wọ́n wá ń sọ fún wa pé ẹlòmíì ló kọ ọ́.

(Ti ìbò kánsù o, èyí táwọn gómìnà ń ṣe fúnra wọn, tí ẹgbẹ́ kan máa ń kó gbogbo àga tán bíi kí wọ́n kó àgbàdo, ìyẹn mi ò ní bá yín jiyàn. Tí ẹ bá ní wọ́n ti kọ ìyẹn sílẹ̀, àmín.)

Mo sọ díẹ̀ nínú gbogbo èyí fún mẹkáníìkì mi, kì í ṣe gbogbo ẹ̀, ẹnu ń ro mí. Mo wá bi í pé káàdì ẹ̀ dà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí àpótí irinṣẹ́, ó wá a lábẹ́ àwọn sípánà, ó yọ ọ́ síta, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti bo orúkọ ẹ̀. Ó ní Ṣàgámù lòun ti gbà á nígbà tóun ń kọ́ṣẹ́, òun fi ṣí àkáǹtì ní báńkì, ìgbà kan ṣoṣo tóun fi ṣe nǹkan nìyẹn. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ nù ún díẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé wọ́n ṣì lè bá mi gbé e wá s'Óṣogbo ni?"